Òrùka Adápítà Tí Kò Fẹ́ Kúrò Lẹ́nu Kámẹ́rà Pentax Àtijọ́

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí wa láti Kàdúná. Ó ní: «Kámẹ́rà Pentax K1000 ni bàbá mi fi ya fọ́tò jẹun títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti fà á lé mi lọ́wọ́. Mo ra lẹ́ńsì Helios 44-2 kan ní Jọ́ọ̀sì, ẹni tí ó tà á fún mi sì fi òrùka pẹlẹbẹ kan sí i kí ó lè wọ ẹnu kámẹ́rà náà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ dá lẹ́ńsì bàbá mi padà, Helios jáde, òrùka náà kò bá a jáde. Mo tẹ ohun tí a fi ń tú lẹ́ńsì sílẹ̀, mo fi ìka yí òrùka náà, kò mì. Ẹnìkan ní kí n fi píláyà fà á yọ, ẹlòmíràn ní kí n fọ́n epo sí i kí n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kí ni kí n ṣe?»

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé píláyà sílẹ̀, kí ẹ sì dá epo náà padà sí àyè rẹ̀. Láti inú ohun tí ẹ ṣàlàyé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé òrùka yín kò há rárá. Títì ni ó tì. Ohun tí ó tì í wà lára òun fúnra rẹ̀, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí ẹ ń tẹ̀ lára kámẹ́rà. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa fi agbára bá ohun tí ó tì jà, agbára yẹn ni yóò sì sọ ohun tí ó tì lásán di ohun tí ó há ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé wá bá wa ní Àbújá nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí ni ó ti gbọgbẹ́ lẹ́nu kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọgbẹ́ náà sì máa ń le ju ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e wá lọ.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òrùka náà wà fún. Helios 44-2 jẹ́ ọ̀kan lára àwọn lẹ́ńsì onítíréèdì tí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò mọ̀ sí M42: ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 42, ó sì ń wọlé ní mìlímítà 1 nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Kámẹ́rà Contax S tí ó jáde ní Dresden, ní Jámánì, ní 1949, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé irú ẹnu yìí jáde. Àwọn kámẹ́rà Praktica lò ó, àwọn ará Rọ́ṣíà lò ó, Pentax náà sì lò ó fún ọdún púpọ̀, títí kan kámẹ́rà Spotmatic tí wọ́n mú jáde ní 1964. Ní 1975 ni Pentax pa tíréèdì tì, tí wọ́n sì gbé ẹnu K jáde, èyí tí ó ní eyín mẹ́ta: a ó ti lẹ́ńsì bọ̀ ọ́, a ó yí i díẹ̀, yóò sì dún kọ́ọ́ láti fi hàn pé ó ti jókòó. K1000 yín, tí wọ́n ń ṣe láti 1976 títí di 1997, ẹnu K ni ó ní.

Ẹ̀yin náà lè rò ó wò bí ọkàn àwọn oníbàárà Pentax yóò ti rí ní 1975, nígbà tí gbogbo lẹ́ńsì tí wọ́n ti fi owó rà kò wọ kámẹ́rà tuntun mọ́. Ilé iṣẹ́ náà ti rò ó tẹ́lẹ̀. Wọ́n fi àyè tí ó wà láàárín ẹnu kámẹ́rà àti ojú fíìmù sílẹ̀ bí ó ti wà látijọ́, mìlímítà 45.46, fún ẹnu tuntun àti ẹnu àtijọ́ bákan náà; ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú kí ihò ẹnu tuntun fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, kí òrùka kan lè wọ inú rẹ̀ pátápátá láìyọ etí síta. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá de lẹ́ńsì onítíréèdì mọ́ òrùka yìí, ìdí lẹ́ńsì náà ń jókòó lé ẹnu kámẹ́rà gan-an, gbogbo ohun tí ó jìnnà réré sì ń hàn kedere gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ọgbọ́n tí ó dára ni. Àmọ́ ọgbọ́n yìí kan náà ni ó fa wàhálà yín, nítorí pé òrùka tí kò yọ etí síta kò ní ibi tí ọwọ́ lè dì mú nígbà tí lẹ́ńsì bá ti kúrò lórí rẹ̀.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi tì í. Bí ẹ bá kọjú sí ẹnu kámẹ́rà, òdìkejì ìyípo ọwọ́ aago ni a ń yí lẹ́ńsì onítíréèdì sí kí ó lè tú. Òdìkejì yẹn kan náà ni a ń yí ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́nu K sí kí ó lè jáde. Bí òrùka náà kò bá ní títì, nígbà tí ẹ bá ń tú Helios, òrùka yóò máa bá a yí, yóò sì bá a jáde láìjẹ́ pé lẹ́ńsì tú kúrò lára rẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n fi so sípíríńgì pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ara òrùka náà, tí orí rẹ̀ ń wọ inú àlàfo kan ní etí inú ẹnu kámẹ́rà, kí lẹ́ńsì lè máa tú kí òrùka sì dúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín nígbà tí Helios jáde tí òrùka kù sẹ́nu kámẹ́rà ni ohun tí wọ́n ṣe é fún. Bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀ lára kámẹ́rà kò kan sípíríńgì yìí rárá. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ wá ibi tí ó mọ́lẹ̀ tí kò sì ní eruku. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni ẹ ń ka ìdáhùn yìí, ẹ má ṣe iṣẹ́ náà ní ìta tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí ó ṣí, ẹ sì pa fáànù. Eruku tí ọyẹ́ ń gbé wá bá wa láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad kúnná gan-an, ohun tí a fi ń ṣe dígí sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sáàárín irin méjì tí ń yí lára ara wọn, ó ń gé wọn, bí ó bá sì bọ́ sórí dígí inú kámẹ́rà, nínù rẹ̀ nìkan ti tó láti fa ìlà sí i. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí súkúrù tí ó bá jábọ́ má baà sọnù, kí ẹ sì fi iná tọ́ọ̀ṣì inú fóònù tan ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Dígí tí ẹ óò rí nígbà tí ẹ bá wo inú ẹnu kámẹ́rà kì í ṣe irú èyí tí a fi ń wo ojú nílé. Iwájú dígí náà ni fàdákà rẹ̀ wà, kò sí ohun kan tí ó bò ó, nítorí náà ìka, aṣọ àti igi ìtayín lè ba á jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ gbígbẹ tí kò le, irú èyí tí a fi ń nu ojú lẹ́ńsì, bò ó, kí ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn kan máa ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbé dígí náà sókè, kí ẹ fi ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, sórí B, àmì tí ń jẹ́ kí ó wà ní ṣíṣí níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì tẹ bọ́tìnì ìyafọ́tò, kí dígí lè dúró bẹ́ẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí dígí bá lọ sókè, ṣọ́tà náà ṣí nìyẹn, aṣọ ni ṣọ́tà K1000 sì jẹ́, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rọ́bà pa. Bí ohun tí ẹ mú lọ́wọ́ bá yọ̀, ó sàn kí ó kan dígí tí ó ṣeé pààrọ̀ ju kí ó kan aṣọ ṣọ́tà lọ. Nígbà tí dígí bá wà nísàlẹ̀, ó ń ṣe ààbò fún ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kódà bí fíìmù bá wà nínú kámẹ́rà, kò sí ewu fún un.

Ó kan sípíríńgì báyìí. Ẹ yí kámẹ́rà sí iná tọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo etí inú òrùka náà yí ká. Ẹ óò rí ibi kan tí irin pẹlẹbẹ tín-ínrín gbà kọjá, tí súkúrù kékeré kan de ìdí rẹ̀ mọ́ òrùka, tí orí rẹ̀ kejì sì tẹ̀ wọ inú àlàfo ní ẹnu kámẹ́rà. Orí tí ó tẹ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kò ju pé kí ẹ tì í kúrò nínú àlàfo rẹ̀ lọ, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ sí ìhà àárín ẹnu kámẹ́rà, kí ẹ sì yí òrùka náà ní òdìkejì ìyípo ọwọ́ aago nígbà tí ẹ ṣì mú orí sípíríńgì náà kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá tì í tán, tí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó wá yí òrùka, yóò ti padà sí àyè rẹ̀, ẹ óò sì tún rò pé ó há. Mo rò pé ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n rí sípíríńgì náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe ohun méjèèjì pọ̀.

Èékánná tí ó gùn díẹ̀ tó fún iṣẹ́ yìí. Bí èékánná yín bá kúrú, orí báírò tí yíǹkì rẹ̀ ti tán, tàbí igi ìtayín tí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kí ó má baà mú jù, yóò ṣe é. Bí ó bá jẹ́ súkúdíráfà kékeré ti oníṣẹ́ aago nìkan ni ó wà, ẹ fi téèpù wé e kí orí rẹ̀ nìkan yọ. Ẹ lè fi ohun tí ẹ fi ti sípíríńgì náà ti òrùka lọ, kí ẹ sì fi ìka ọwọ́ kejì tì í ní ìdojúkọ rẹ̀ kí ó lè yí ní ọgbọọgba. Kò ní yí púpọ̀: kò tó ìdá mẹ́rin ìyípo kan tí eyín òrùka yóò fi bọ́ sí àlàfo eyín kámẹ́rà. Nígbà yẹn, ẹ dojú kámẹ́rà bolẹ̀ sórí aṣọ funfun yín, òrùka yóò sì jábọ́ fúnra rẹ̀. Dídojú rẹ̀ bolẹ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé eruku àti fífọ́ irin tí ó bá wà níbẹ̀ yóò jábọ́ síta dípò kí ó wọnú lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ wo etí òrùka náà yí ká kí ẹ má rí sípíríńgì kankan. Oríṣiríṣi òrùka ni ó wà lọ́jà, tí Pentax fúnra rẹ̀ àti àwọn tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì ní sípíríńgì láti ìbẹ̀rẹ̀. Òmíràn ní ihò kéékèèké méjì tí ó dojú kọ ara wọn, níbi tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ pàtàkì kan yí i. Bí kọ́kọ́rọ́ náà kò bá sí, ẹnu irin ìmúrun kékeré tí ẹ fi téèpù wé lè rọ́pò rẹ̀. Òmíràn sì ní ètè tí ó yọ síta bo ẹnu kámẹ́rà. Irú èyí tí ó ní ètè yìí nìkan ni ìgbà mìíràn máa ń ní ihò tí píìnì inú kámẹ́rà, ìyẹn irin kékeré tí ń ti lẹ́ńsì pa, ń wọ̀, nítorí náà òun nìkan ni ó lè gbọ́ràn sí bọ́tìnì tí ẹ ń tẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ ti sọ pé pẹlẹbẹ ni tiyín, tí ẹ kò sì sọ̀rọ̀ ètè, n kò rò pé irú rẹ̀ ni.

Bí òrùka kò bá ní sípíríńgì, tàbí tí ẹ ti mú sípíríńgì kúrò lọ́nà tí kò sì yí síbẹ̀, a jẹ́ pé eruku, gíríìsì gbígbẹ tàbí ìpẹta ni ó dì í mú. Ohun tí ẹ nílò ní irú ipò yìí ni ohun tí yóò dì í mú yí ká láìfún un. Ẹ lọ bá fọkanáísà tí ó wà nítòsí, kí ẹ tọrọ ìgé tíúùbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, nítorí pé lẹ́búlẹ́bú funfun inú tíúùbù ń jẹ́ kí ó yọ̀. Ẹ wá igi tàbí ike roboto tí ó fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 38, kí ẹ fi rọ́bà náà wé e títí yóò fi fún mọ́ inú òrùka ní ìwọ̀nba. Ẹ fi téèpù sàmì sí ara rẹ̀ ní mìlímítà 3 sí orí, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó wọlé kọjá àmì yẹn, nítorí dígí kò jìnnà. Ẹ tì í bọ inú òrùka, kí ẹ sì yí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìtẹ̀ ẹ́ sínú.

Mo tẹnu mọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nítorí ìdí kan tí kì í ṣe ti ìbẹ̀rù nìkan. Òrùka irin tẹ́ẹ́rẹ́ kì í dúró roboto nígbà tí a bá fún un ní ibi méjì. Ìka méjì tí ó le tó láti mú un dáadáa ti tó láti mú kí ó gùn ní ìhà kan kí ó sì fún ní ìhà kejì, ibi tí ó sì gùn sí yẹn yóò wá há mọ́ ara ẹnu kámẹ́rà. Bí agbára yín bá ti ń pọ̀ sí i ni yóò máa há sí i, gẹ́gẹ́ bí ìdérí ìgò oyin tí ń le sí i bí a bá ti ń fún un. Píláyà tí wọ́n ní kí ẹ fi fà á yóò ṣe èyí ní ìlọ́po, yóò sì tún fi eyín rẹ̀ jẹ tíréèdì òrùka náà run, débi pé Helios yín kò ní lè wọ̀ ọ́ mọ́ kódà bí ó bá jáde.

Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ epo kò mọ̀ pé epo kì í dúró ní ibi tí a fọ́n ọn sí. Ó ń rá pálá gba ẹ̀gbẹ́ irin lọ, ó sì máa ń dé ibi mẹ́ta tí a kò fẹ́: orí aṣọ ṣọ́tà, ẹsẹ̀ dígí, àti ọ̀pá kékeré tí ń bá àwọn irin tín-ínrín tí ń mú ihò ìmọ́lẹ̀ inú lẹ́ńsì fẹ̀ tàbí kéré ṣiṣẹ́. Ní ìlú eléruku bíi tiwa, ibi tí epo bá dé ni eruku yóò dúró sí, àwọn méjèèjì á sì di ẹrẹ̀. Bí ẹ bá dìídì fẹ́ fi ohun olómi sí etí òrùka, ẹ fi orí igi ìtayín kan ṣoṣo mú ẹ̀kán ọtí ìsopírópílì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, kí ó kan etí náà nígbà tí kámẹ́rà dojú bolẹ̀. Yóò tú gíríìsì gbígbẹ díẹ̀, yóò sì gbẹ. Kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù kò yẹ rárá.

Ooru ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbọ́ pé ohun tí ó bá há, iná ni yóò tú u, nítorí bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń ṣe sí nọ́ọ̀tì nìyẹn. Nínú ọ̀ràn yìí, òrùka wà ní inú, ẹnu kámẹ́rà sì yí i ká. Bí ó bá jẹ́ àlùmíníọ̀mù ni òrùka, gẹ́gẹ́ bí àwọn olówó pọ́ọ́kú ti sábà máa ń jẹ́, tí ẹnu kámẹ́rà sì jẹ́ irin tí kì í dípẹta, ohun tí ó wà ní inú ni yóò wú ju èyí tí ó wà ní ìta lọ, nítorí àlùmíníọ̀mù máa ń fẹ̀ sí i nínú ooru ju irin lọ. Ooru yóò mú un le sí i. Òtútù ni ó lè ràn yín lọ́wọ́, àmọ́ n kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti gbé odidi kámẹ́rà bọ inú fíríìjì, nítorí omi tí yóò hù lára rẹ̀ nígbà tí ó bá jáde sínú afẹ́fẹ́ òjò. Ìgbà tí òtútù wúlò ni ìgbà tí òrùka bá jáde pẹ̀lú lẹ́ńsì tí ó sì dì mọ́ ìdí rẹ̀.

Èyí lè ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́jọ́ mìíràn, pàápàá bí ẹ bá de òrùka mọ́ lẹ́ńsì nílẹ̀ kí ẹ tó gbé méjèèjì wọ kámẹ́rà pọ̀. Ẹ gé rọ́bà tíúùbù pẹlẹbẹ, kí ẹ gé ihò sí àárín rẹ̀ kí dígí ẹ̀yìn lẹ́ńsì má baà kan tábìlì, kí ẹ sì gbé lẹ́ńsì náà sórí rẹ̀ kí òrùka jókòó lórí rọ́bà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ọgbọọgba pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ yí lẹ́ńsì ní òdìkejì ìyípo ọwọ́ aago. Apá ìsàlẹ̀ lẹ́ńsì tí kì í yí ni kí ẹ dì mú. Bí ẹ bá di òrùka fókọ́ọ̀sì mú, fókọ́ọ̀sì nìkan ni ẹ óò máa yí títí yóò fi kan òpin rẹ̀, agbára tí ẹ bá sì fi kún un lẹ́yìn ìyẹn ń ba inú lẹ́ńsì jẹ́. Bí kò bá tú, ẹ fi lẹ́ńsì nìkan sínú ọ̀rá nylon méjì tí ẹ ti fún afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bíi wákàtí kan. Ìdí Helios jẹ́ àlùmíníọ̀mù, bí òrùka bá sì jẹ́ idẹ, ìdí lẹ́ńsì yóò sún kì ju òrùka lọ. Ìyàtọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ìyẹn ti tó láti já ìdè ìpẹta. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì tutù, láti ìta ọ̀rá, kí ẹ má sì tú ọ̀rá náà títí lẹ́ńsì yóò fi padà sí ìwọ̀n ooru yàrá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí kámẹ́rà yín. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí òrùka kò sì yí, tàbí tí ẹ rí i pé orí sípíríńgì ti ṣẹ́ sínú àlàfo, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tún kámẹ́rà ṣe. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò tú àwọn súkúrù tí ó de ẹnu K mọ́ ara kámẹ́rà, yóò gbé ẹnu náà jáde pẹ̀lú òrùka inú rẹ̀, yóò sì ti sípíríńgì náà láti ẹ̀yìn níbi tí gbogbo rẹ̀ ti hàn. Kò le fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í léèrè ohun méjì kí ó tó fọwọ́ kàn án. Èkíní, ṣé ó ní súkúdíráfà ti ìlànà JIS, èyí tí àwọn ará Japan fi ṣe súkúrù wọn? Ó jọ ti Phillips tí ó wà káàkiri ọjà, àmọ́ Phillips kì í jókòó dáadáa nínú rẹ̀, ó ń yọ̀, ó sì ń jẹ orí súkúrù. Èkejì, ṣé ó mọ̀ pé ó lè bá àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé lábẹ́ ẹnu náà, tí ó gbọ́dọ̀ padà sí ibi tí ó ti bá wọn gan-an? Àwọn ni wọ́n fi ń mú kí àyè mìlímítà 45.46 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé. Bí ọ̀kan bá sọnù, lẹ́ńsì bàbá yín yóò wọ̀ ọ́, yóò dún kọ́ọ́, ṣùgbọ́n fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ní jẹ́ òótọ́ mọ́. Oníṣẹ́ tí ìbéèrè méjèèjì bá yà lẹ́nu, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì gbé kámẹ́rà yín lọ sí ibòmíràn.

Nígbà tí òrùka bá ti jáde, ẹ lè béèrè bóyá kí ẹ yọ sípíríńgì rẹ̀ kúrò pátápátá. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń yìn ín pé òrùka ń bá lẹ́ńsì jáde wẹ́rẹ́. N kò ní ṣe é lára kámẹ́rà tèmi. Bí fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì àtijọ́ bá le díẹ̀, tí ẹ sì ń yí i ní òdìkejì ọwọ́ aago, gbogbo rẹ̀ lè yí pọ̀ títí lẹ́ńsì yóò fi jábọ́. Ohun tí ó sàn ni kí ẹ fi ìka tẹ sípíríńgì náà díẹ̀, kí orí rẹ̀ máa wọ àlàfo láìle jù, tàbí kí ẹ fi òrùka náà sílẹ̀ lára kámẹ́rà kan ṣoṣo tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún lẹ́ńsì onítíréèdì.

Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan yóò ní kí ẹ ra òrùka elétè dípò èyí, nítorí pé ó rọrùn láti dì mú. Ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ ṣírò ohun tí ẹ óò san fún ìrọ̀rùn náà. Ètè tí ó nípọn tó mìlímítà 1 ń gbé Helios jìnnà sí fíìmù ní mìlímítà 1. Fún lẹ́ńsì mìlímítà 58 bíi Helios yín, ibi tí ó jìnnà jù tí ó lè hàn kedere wá di nǹkan bíi mítà mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ lè fi ya ìyàwó níjòkòó, ẹ lè fi ya ọmọ tuntun. Bí ẹ bá fi ya àpáta Zuma láti ojú ọ̀nà Kàdúná, òkìtì eérú ni yóò jáde lójú fíìmù, bó ti wù kí ẹ yí fókọ́ọ̀sì tó.

Ní ti kámẹ́rà fúnra rẹ̀, kí ẹ tó fi fíìmù sí i, ẹ fi rọ́bà ìfẹ́ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹnu rẹ̀ nígbà tí ó dojú bolẹ̀, kí ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ nítorí itọ́. Ẹ gbé lẹ́ńsì bàbá yín wọ̀ ọ́. Ó gbọ́dọ̀ wọlé láìgún nǹkan kan, kí ó yí wẹ́rẹ́, kí ó sì dún. Ẹ yí fókọ́ọ̀sì dé àmì ohun tí ó jìnnà réré, kí ẹ wo ilé tàbí òpó iná tí ó wà lọ́nà jíjìn nínú ojú ìwòran. Bí àárín rẹ̀ bá dúró kedere tí kò gbọ̀n, ẹnu kámẹ́rà yín wà ní àlàáfíà, ẹ sì lè ra fíìmù.